Kí wọ́n tó ní ká lọ ra kọ́ìlì tuntun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ kú àìsùn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń ra ìwé yín lọ́wọ́ ọmọ tó ń tà á ní Ọláìyá níbí ní Òṣogbo, ojú ìwé lẹ́tà ni mo sì kọ́kọ́ máa ń ṣí. Lónìí, èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbé mì. Ó jẹ mọ́ ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò sítáàtì, ó jẹ mọ́ àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ rìwáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì jẹ mọ́ owó tó ń jáde lápò wa lásán torí pé ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ wádìí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ kí wọ́n tó rán wa lọ sọ́jà.

Tíṣà ni mí. Fisíìsì ni mo fi ọdún 32 kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kí n tó fẹ̀yìn tì. Volkswagen Golf 2 ni mò ń wà. Tọ́kùnbọ̀ ni mo rà á ní 1999. Kábúrétọ̀ ló ní, kò ní kọ̀ǹpútà kankan, ṣùgbọ́n kì í ṣe oní-kọ́ńtáàtì bíi ti àtijọ́. Igniter, ohun kékeré tó ń já kọ́rẹ́ńtì, ló ń bá kọ́ìlì rẹ̀ ṣiṣẹ́; kọ́ìlì ló ń sọ fóltì kékeré bátìrì di ńlá kí plọ́ọ̀gì lè ta iná sí epo. Àwọn ọmọ mi ti sọ ọ́ títí pé kí n tà á. Mi ò tà á. Mo mọ ohùn ẹ̀ńjíìnì yẹn bí mo ṣe mọ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mò ń lọ sí Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti fẹ́ sọ ọmọ-ọmọ mi lórúkọ. Mo gba Gbọ̀ngán jáde sí ọ̀nà márosẹ̀. Nígbà tí mo dé Ìkirè, níbi tí àwọn obìnrin ti ń kó dòdò sórí àtẹ, ẹ̀ńjíìnì kú. Kò wúkọ́, kò fa ẹsẹ̀, kò gbọ̀n. Ó kàn dákẹ́ lójijì, àfi bí ìgbà tí ènìyàn bá yí kọ́kọ́rọ́ padà fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀ máa ń sọ fúnni kó tó kú: á máa fà, á máa já, á tún gbà á díẹ̀. Èyí tó bá kú lẹ́ẹ̀kan náà bí fìtílà tí wọ́n fẹ́ pa, iná ló sábà máa ń ṣe é.

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Sítátà ń yí dáadáa, ẹ̀ńjíìnì kò gbà á. Òórùn epo sì ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀, ìyẹn ni pé epo ń dé inú lọ́hùn-ún, kò kàn rí ohun tó máa ràn án ni. Mo jókòó sí abẹ́ àtíbàbà ìyá kan tó ń ta dòdò. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 40, tí ara ẹ̀ńjíìnì ti tutù, mo tún yí kọ́kọ́rọ́, ó sì sítáàtì bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán kí n tó dé.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti di pé tí ara rẹ̀ bá gbóná, á kú. Tó bá tutù, á jí. Nígbà tó ṣe, ó kú sínú ọgbà ilé mi, kò jí mọ́, tútù ni o, gbígbóná ni o.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pè kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi ní plọ́ọ̀gì ni. Mo ra mẹ́rin, ₦14,000. Ọkọ̀ kò jí. Ẹnìkejì ní kọ́ìlì ni. Mo ra tọ́kùnbọ̀ kọ́ìlì, ₦18,000. Ọkọ̀ kò jí. Ẹnìkẹta fi ọwọ́ gbá orí igniter, ó ní, "Mọ̀mí, èyí ti jóná, mo mọ̀ ọ́n." Mo ra igniter, ₦35,000. Ọkọ̀ kò jí. Tí ẹ bá fi ₦13,000 tí wọ́n gbà fún iṣẹ́ ọwọ́ kún un, ₦80,000 ló ti lọ nínú owó ìfẹ̀yìntì mi, ọkọ̀ sì wà níbi tó wà, ẹyẹ ń ṣu sí i lórí.

Mi ò pe àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ní olè. Mo wo ojú wọn, mo sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n sọ dá wọn lójú. Ohun tó dùn mí ni pé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó mú mítà tí wọ́n fi ń wọ̀n iná wá. Wọ́n ní súpánà, wọ́n ní gílóòbù kékeré tí wọ́n so wáyà méjì mọ́ tí wọ́n ń pè ní tẹ́sítà, ohun tí ọ̀gá wọn fi kọ́ wọn nìyẹn, òun náà ni ọ̀gá tó kọ́ ọ̀gá wọn fi kọ́ ọ. Ọkọ̀ ló ti yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yí padà. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, wa ìjàpá, Volkswagen Beetle tí wọ́n tò ní Èkó. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ níbẹ̀, ọdún yẹn náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, nítorí náà ìjàpá àti 504 ni ọ̀pọ̀ àwọn rìwáyà tó jẹ́ àgbà lónìí fi kọ́ṣẹ́. Kọ́ńtáàtì ló wà nínú distributor wọn, ìyẹn ohun tó ń pín iná kọ́ìlì fún plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan: irin pẹlẹbẹ méjì tó ń pàdé, tó sì ń pínyà bí ẹ̀ńjíìnì ṣe ń yí. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín wọn nínú ìjàpá kò ju mìlímítà 0.4 lọ, mo sì rántí mẹkáníìkì wa tó máa ń fi abẹ́ ayùn irin wọ̀n ọ́n, tó sì máa ń fi èèpo páálí ìṣáná ha ojú kọ́ńtáàtì tó bá ti dúdú. Tó bá ṣe ìyẹn tán, á fa wáyà plọ́ọ̀gì yọ, á sún un mọ́ ara ẹ̀ńjíìnì, á ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Tí iná bá ta pàrà, iṣẹ́ ti parí. Ojú ni wọ́n fi ń rí àrùn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wò ó.

Ọkọ̀ oní-igniter kò ní irin tó ń pàdé. Sẹ́ńsọ̀ kan ló rọ́pò rẹ̀, Hall ni wọ́n ń pè é, torí pé Edwin Hall, ará Amẹ́ríkà, ló rí i ní 1879 pé mágínẹ́ẹ̀tì lè ti kọ́rẹ́ńtì tó ń kọjá nínú irin pẹlẹbẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ìyẹn á sì di fóltì tí a lè wọ̀n. Nínú distributor ti Golf mi, mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan kọjú sí sẹ́ńsọ̀ náà, abọ́ irin kan tó ní fèrèsé mẹ́rin, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, sì ń yí láàárín wọn. Irin á bo mágínẹ́ẹ̀tì lójú, fèrèsé á ṣí i, irin á tún bò ó. Bíbò àti ṣíṣí yẹn ni ọ̀rọ̀ tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ fún igniter. Igniter gbọ́, ó já kọ́rẹ́ńtì inú kọ́ìlì lójijì.

Jíjá yẹn gan-an ló ń dá iná sílẹ̀. Tí ẹ bá ti fa omi nínú kànga jíjìn rí, tí okùn já nígbà tí ẹ fi gbogbo ara fà á, ẹ mọ ibi tí ẹ bá ara yín. Fífà náà kì í gbé ènìyàn ṣubú, jíjá ló ń gbé e ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́ìlì. Fóltì 12 péré ló wọ inú rẹ̀, nínú wáyà tí wọ́n wé ní ìgbà díẹ̀. Bí wọ́n bá já a lójijì, wáyà kejì tí wọ́n wé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà yí i ká á bí fóltì tó lé ní 20,000. Michael Faraday ló ṣí ọ̀nà yẹn sílẹ̀ ní 1831. Mo kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ lọ́dọọdún, wọ́n dà á kọ, wọ́n yege. Mo bi ara mi ní òru ọjọ́ kan pé mélòó nínú wọn ni mo mú jáde lọ wo bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì? Kò sí. Ìdáhùn yẹn wà nínú ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí.

Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló júwe bàbá rìwáyà kan fún mi ní apá Òkè-Fíà. Wọ́n ti lé ní 70 ọdún. Wọ́n wá pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ wọn kan tí kò tíì pé 18, wọ́n fi aṣọ àǹkárá wé mítà kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ bí ẹni tó pọn ọmọ. Mo kí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo ti rà fún wọn. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ ti sọ ohun tí ẹ rà. Ẹ sọ ohun tí ọkọ̀ ń ṣe fún mi." Mo sọ ti Ìkirè, bó ṣe dákẹ́ lójijì, bó ṣe jí nígbà tó tutù. Wọ́n mi orí, wọn ò sọ nǹkan kan.

Bátìrì ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n: fóltì 12.5. Wọ́n ní kí n yí kọ́kọ́rọ́, wọ́n ń wo mítà bí sítátà ṣe ń yí: 10.4. Wọ́n ní ó dáa; pé tó bá ti já wálẹ̀ sí 8 tàbí 9, kí a má tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, torí igniter kì í ṣiṣẹ́ dáadáa tí bátìrì bá ti kú tán, bí sítátà tilẹ̀ ń yí. Ibẹ̀ ló yẹ kí gbogbo ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n mú plọ́ọ̀gì kan láti inú àpò wọn, wọ́n fi wáyà tó ti àárín kọ́ìlì wá sí orí rẹ̀, wọ́n fi wáyà kan so ara plọ́ọ̀gì mọ́ irin ẹ̀ńjíìnì dan-in dan-in, wọ́n gbé ọwọ́ wọn kúrò. "Ẹ yí i." Kò sí iná. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kàn mú wáyà sún mọ́ irin bíi ti àwọn yòókù. Wọ́n ní iná kọ́ìlì yìí le ju ti kọ́ńtáàtì lọ, tí kò bá rí ibi tó máa fò sí, á wá ọ̀nà gba inú kọ́ìlì tàbí inú igniter fúnra wọn, á sì ba ohun tó dára jẹ́. Wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tó gbé e ṣubú lulẹ̀ náà. Èmi yóò fi kún un pé ẹni tí dókítà bá gbé ẹ̀rọ kékeré sí láyà láti máa ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn.

Ó kan kọ́ìlì. Lórí kọ́ìlì Golf, nọ́ńbà mẹ́ta ló wà: 15, 1 àti 4. Ti 15 ni kọ́rẹ́ńtì ti ń ti ẹnu kọ́kọ́rọ́ wọlé, ti 1 lọ sọ́dọ̀ igniter, ti 4 ni iná ńlá ti ń jáde lọ sí distributor. Wọ́n wọ̀n 15 nígbà tí mo tan kọ́kọ́rọ́: 12.2. Ẹnu kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́ nìyẹn. Wọ́n pa kọ́kọ́rọ́, wọ́n tú wáyà kọ́ìlì, wọ́n gbé mítà fún ọmọ iṣẹ́ náà pé kó wọ̀n láàárín 15 àti 1. Ó ka óòmù 1.0 (óòmù ni a fi ń wọ̀n bí wáyà ṣe ń dí kọ́rẹ́ńtì lọ́nà tó), ojú rẹ̀ sì tàn. Ó ní, "Bàbá, kọ́ìlì yìí ti bàjẹ́, ẹ ní kò gbọdọ̀ ju 0.76 lọ." Bàbá kò bínú. Wọ́n ní, "Fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kan ara wọn." Ó fi wọ́n kan ara wọn. Mítà ka 0.3. Wáyà mítà fúnra rẹ̀ ló ní ìyẹn! Yọ 0.3 kúrò nínú 1.0, ó ku 0.7, ó sì wà láàárín 0.52 sí 0.76 tó yẹ kọ́ìlì yẹn. Láàárín 1 àti 4, ó ka nǹkan bíi 3,000. Láti 2,400 sí 3,500 ló dára. Kọ́ìlì kò ní ẹ̀ṣẹ̀.

Mo dúró níbẹ̀, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Fún ọdún 32 ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì pé kí wọ́n yọ àṣìṣe ohun èlò kúrò kí wọ́n tó kọ ìdáhùn. Nínú ọgbà ilé mi, ọmọ tí kò lọ ju kíláàsì mẹ́ta gírámà lọ rí i lójú ara rẹ̀ pé àṣìṣe óòmù 0.3 péré ni ì bá rán ènìyàn lọ ra kọ́ìlì mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti igniter. Ó wà nínú kòtò abẹ́ wáípà, níwájú gíláàsì. Bàbá yọ pulọ́gù oníwáyà mẹ́ta tó wà lára distributor (ẹnu ìsopọ̀ wáyà ni èyí, kì í ṣe plọ́ọ̀gì tó ń ta iná), wọ́n fi mítà sí 15 àti 1 lórí kọ́ìlì, wọ́n ní kí n tan kọ́kọ́rọ́. Mítà fò lọ sí fóltì tó lé ní 2, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì tó fi bọ́ sí òdo. Wọ́n ní bí igniter tó dára ṣe ń ṣe nìyẹn: tí kò bá gbọ́ ohùn sẹ́ńsọ̀, á tètè gé kọ́rẹ́ńtì kí kọ́ìlì má baà gbóná jóná. Èyí tí mo ná ₦35,000 lé lórí ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rí wà pé ti tẹ́lẹ̀ náà ń ṣe é, torí wọ́n ní kí n gbé e wá, wọ́n fi rọ́pò tuntun, ó fò lọ sí 2, ó padà sí òdo bákan náà. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi báyìí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣí i ni wọ́n ti rí ohun mìíràn. Igniter máa ń gbóná, irin tí wọ́n dè é mọ́ ló ń gba ooru náà lára rẹ̀, ìpara funfun kan sì gbọ́dọ̀ wà láàárín méjèèjì kí ooru lè ráyè kọjá. Ẹni tó dè é fún mi nu ti àtijọ́ kúrò pátápátá pé ó dọ̀tí. Bàbá ní bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ jí, igniter tuntun yẹn ì bá jóná kó tó pẹ́, wọn ì bá sì sọ fún mi pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi.

Ó wá ku ohun tó ń sọ̀rọ̀ àti wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà. Pulọ́gù tí wọ́n yọ lára distributor ní wáyà mẹ́ta: pupa òun dúdú ní ẹ̀gbẹ́ kan, búráwùn òun funfun ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọ̀ ewé òun funfun ní àárín. Wọ́n wọ̀n méjì ẹ̀gbẹ́, fóltì wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé igniter ń fún sẹ́ńsọ̀ lóúnjẹ. Wọ́n tún so plọ́ọ̀gì tiwọn mọ́ kọ́ìlì, wọ́n ní kí n tan kọ́kọ́rọ́ kí n má yí sítátà, wọ́n mú wáyà tínínrín kan, wọ́n fi so mọ́ àárín, mọ́ aláwọ̀ ewé, wọ́n fi ẹnu kejì kan irin ẹ̀ńjíìnì fẹ́ẹ́rẹ́.

Pàrà! Iná aláwọ̀ aró fò lórí plọ́ọ̀gì. Wọ́n tún fi kàn án, ó tún fò.

Olóòtú, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ayọ̀ tó bá mi fún yín. Wáyà kékeré kan ló ṣe bí ẹni pé òun ni sẹ́ńsọ̀, kọ́ìlì dáhùn, igniter dáhùn, wáyà iná ńlá dáhùn. Gbogbo ohun tí mo ti náwó lé ti yege lójú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Inú distributor nìkan ni ẹjọ́ kù sí.

Wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀. Wáyà mẹ́ta tó so sẹ́ńsọ̀ pọ̀ mọ́ pulọ́gù ti gbẹ bí koríko ọyẹ́, ara ike tó bò wọ́n ti sán. Àwo tí sẹ́ńsọ̀ jókòó lé kì í dúró sójú kan, fákúọ̀mù máa ń fà á síwá sẹ́yìn bí mo ṣe ń tẹ sùrọ́tù, àwọn wáyà náà sì ń tẹ̀, wọ́n ń nà, láti ìgbà tí mo ti ra ọkọ̀. Búráwùn òun funfun ti já nínú ike. Tí ara ọkọ̀ bá tutù, ẹnu rẹ̀ méjèèjì á fara kan ara wọn. Tó bá gbóná, wọ́n á jìnnà síra. Nígbà tó ṣe, wọn ò fara kan ara wọn mọ́ rárá. Ìdí tó fi kú ní Ìkirè tó sì jí lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40 nìyẹn. Àlàyé àrùn ti wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ kìíní, ẹnikẹ́ni kò bi mí.

Bàbá fi wáyà tó rọ̀ rọ́pò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹnu wọn pọ̀, wọ́n fi ike tuntun bò wọ́n, wọ́n fi ìpara sí abẹ́ igniter. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, ọkọ̀ jí. ₦9,000 ni wọ́n gbà. Mo fẹ́ fi nǹkan kún un, wọ́n kọ̀.

Nǹkan méjì ni mo tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ kí n lè kọ ọ́ síhìn-ín. Ìkíní ni àṣà yíyọ orí bátìrì nígbà tí ẹ̀ńjíìnì ń ṣiṣẹ́, láti fi mọ̀ bóyá alternator ń fún un ní kọ́rẹ́ńtì. Mo ti rí i lójú mi lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú 504 àtijọ́, ènìyàn lè ṣe é kó lọ ní àlàáfíà. Nínú ọkọ̀ tó ní igniter tàbí kọ̀ǹpútà, bátìrì ni kò jẹ́ kí fóltì alternator gbéra. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lójijì, fóltì á ta sókè ju ohun tí àwọn nǹkan ẹlẹgẹ́ yẹn lè gbà lọ. Mítà lásán ló tó: kí ẹ̀ńjíìnì máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n wọ̀n orí bátìrì, tó bá wà ní nǹkan bíi 13.8 sí 14.4, alternator ń ṣiṣẹ́. Ìkejì ni tẹ́sítà onígílóòbù. Ó dára fún fíúùsì àti iná ọkọ̀. Ẹ má fi tọ wáyà sẹ́ńsọ̀ tàbí ti kọ̀ǹpútà, torí gílóòbù ń fa kọ́rẹ́ńtì ju èyí tí wọ́n ṣe àwọn wáyà yẹn fún lọ.

Àwọn tó ń wa ọkọ̀ tuntun lè rò pé ọ̀rọ̀ mi kò kàn wọ́n, torí pé kọ̀ǹpútà ló wà nínú tiwọn, wọ́n á kàn ní kí wọ́n lọ ṣe scan. Ẹ gbọ́ èyí. Bí ẹ̀rọ scan bá kọ kóòdù P0335, ohun tó ń sọ ni pé ọ̀ràn wà lójú ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ crankshaft, irin ńlá tó ń yí nínú ẹ̀ńjíìnì. Sẹ́ńsọ̀ náà wà lójú ọ̀nà yẹn, wáyà rẹ̀ wà níbẹ̀, pulọ́gù rẹ̀ wà níbẹ̀. Èkúté lè ti jẹ wáyà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra sẹ́ńsọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì fún Corolla rẹ̀ kí wọ́n tó rí i pé ìpẹtà wà lẹ́nu pulọ́gù. Orúkọ àdúgbò ni scan ń sọ fúnni, ènìyàn ṣì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ rìwáyà àti mẹkáníìkì ní gbogbo ìlú wa, ẹ̀yin lẹ ń ṣe fírídọ̀mù fún àwọn ọmọ iṣẹ́, pẹ̀lú ìrẹsì, àdúrà àti fọ́tò. Kí ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí, ẹ gbé ọkọ̀ kan tí ẹ ti já wáyà kan nínú rẹ̀ síwájú rẹ̀, ẹ fún un ní mítà kan àti plọ́ọ̀gì kan, kó wá ibi tó já, kó sì sọ bó ṣe mọ̀. Mítà kékeré kò wọ́n tó kọ́ìlì. Kí owó rẹ̀ wà lára ohun tí òbí ń san nígbà tí wọ́n bá mú ọmọ wá síṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń ra ẹ̀rọ fún ọmọ tó ń kọ́ ìránṣọ.

Ẹ̀yin tíṣà fisíìsì ẹlẹgbẹ́ mi tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wà níta fèrèsé kíláàsì yín. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀n bátìrì nígbà tí sítátà ń yí.

Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá báyìí, láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọmọ iṣẹ́ márùn-ún ló wà níbẹ̀, wọ́n ń pè mí ní Mọ̀mí Mítà. Yorùbá ni a fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí kò mọ ohun tí resistance jẹ́ ní èdè òyìnbó ti mọ̀ pé wáyà tó ti gbó kì í jẹ́ kí kọ́rẹ́ńtì kọjá geere, ó sì mọ iye tí mítà máa kà tó bá ti gbó. Bàbá ní nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún irú ọ̀ràn báyìí lórí, ọkọ̀ yìí ṣe báyìí, a wọ̀n báyìí, a bá a níbi báyìí, wọn ò sì kọ ìkankan sílẹ̀ rí.

Olóòtú, tí ẹ bá lè fún wa ní ìdámẹ́rin ojú ìwé kan lọ́sẹ̀, Bàbá á máa sọ ọ́, èmi á máa kọ ọ́. A ti parí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ti ìkíní dá lé ọkọ̀ tí kò jí lẹ́yìn òjò, ìdérí distributor ló ṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi fi ń gba ibẹ̀ wọlé. Mo ti kọ ọ́ sórí bébà tó mọ́, ọmọ tó ń ta ìwé ìròyìn yín ní Ọláìyá sì ti gbà láti bá mi fi rán aṣojú yín tí ẹ bá ti dáhùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Tíṣà fisíìsì tó ti fẹ̀yìn tì,
Òṣogbo, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.